Ohun Èlò Ló Ń Pàṣẹ: Sóbò Dídì, Ọ̀rá àti Ewé Eéran Nílẹ̀ Yewa

Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín tí ilé ẹ̀kọ́ sì jáde ní Ìlaró tàbí ní Ayétòrò, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wá lójú pópó kì í ṣe oúnjẹ. Ohun tútù ni. Obìnrin kan á ti gbé kúlà rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi. Bó bá ṣí i, èéfín òtútù á rú díẹ̀, sóbò dídì á sì wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, tí a so lórí. Ọmọ á gbà á, á fi eyín já etí ọ̀rá náà, á tu èyí tó já dànù, á wá máa fà á mu. Kò ní í pẹ́ tí àwọ̀ pupa àti adùn á fi wọ ẹnu tán. Ohun tó kù nínú ọ̀rá á di yìnyín funfun tí kò ní ìtọ́wò kankan. Ọmọ á ju ọ̀rá sí gọ́tà, á sì máa lọ sílé.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà sọ ọ́. Àwọn kan á ní ṣúgà inú rẹ̀ ló burú, kí àwọn ìyá dín in kù. Àwọn kan á ní ọ̀rá tó ń dí gọ́tà ló burú, kí ìjọba fòfin dè é. Tibí ń sọ̀rọ̀ ìlera, tọ̀hún ń sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìlú, wọn kì í sì í bá ara wọn pàdé. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ọ̀rá yẹn ló mú ṣúgà yẹn wá. Ohun èlò tí a bá fi di nǹkan ló ń pàṣẹ irú nǹkan tí a lè dì sínú rẹ̀. Ìyá tó bá fẹ́ kí ohun tútù tí ọmọ òun ń lá di oúnjẹ gidi, ohun èlò ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀. Èròjà á tẹ̀lé e.

Ẹ wo ọ̀rá náà dáadáa. Ihò tí eyín ọmọ dá sí i kò fẹ̀ ju orí ìṣáná lọ. Ohunkóhun tó bá máa gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ ṣàn bí omi. Máńgòrò tí a gún kò lè gba ibẹ̀. Ìbẹ́pẹ kò lè gba ibẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò tilẹ̀ yẹ ní dídárúkọ. Nítorí náà, ẹni tó ń fi ọ̀rá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ là á kó ṣàn, ohun tí a bá sì là tó bẹ́ẹ̀ kò ní adùn tirẹ̀ mọ́ àfi kí a bu ṣúgà sí i. Òtútù tún dá kún un: ahọ́n tí yìnyín ti mú kú kì í gbọ́ adùn dáadáa, ìdí nìyẹn tí ohun tó dùn yùngbà nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ fi ń dà bí ẹni pé kò dùn tó nígbà tó bá dì tán. Ẹni tó ń tà á mọ èyí, ló bá tún fi ṣíbí méjì lé e. Ó wá ku bí ṣúgà ṣe ń hùwà nínú yìnyín. Omi ló ń kọ́kọ́ dì. Ṣúgà àti àwọ̀ á sá sínú ìwọ̀nba omi tí kò tíì dì, láàárín àwọn kóró yìnyín. Bí ọmọ bá ń fà á, èyí tó ṣì ń ṣàn yẹn ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ṣúgà inú ọ̀rá náà ló máa bá eyín ọmọ kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rárá. Kò sẹ́ni tó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rá ṣe rí ló fà á.

Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a bù sí oúnjẹ àti ohun mímu má ṣe ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ènìyàn lọ, pé ó sì sàn jù bí kò bá kọjá ìdá 5. Fún àgbàlagbà, ìdá 5 yẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25, ṣíbí tíì mẹ́fà. Ti ọmọdé kéré sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí nínú ìlànà náà ni pé wọ́n ka oyin àti omi èso tí a fún mọ́ ṣúgà yìí, ṣùgbọ́n wọn kò ka èso tí a jẹ lódindi mọ́ ọn. Ẹni tó bá fún ọsàn mẹ́fà, tó da ìṣù rẹ̀ nù, tó sì di omi rẹ̀ sínú ọ̀rá kò tíì kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá gún máńgòrò tòun tòkùn rẹ̀ tó sì dì í sínú ife ti ṣe nǹkan mìíràn. N kò jiyàn pé gígún ń fọ́ díẹ̀ nínú ìṣù èso, ṣùgbọ́n òkùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọmọ sì ní láti fi ṣíbí họ ọ́, kó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò lè fà á tán lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣápá fúnra rẹ̀, ewéko tí a fi ń se sóbò, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́ máa ga tàbí tó ga díẹ̀. Àwọn tó ń mu ife omi ìṣápá mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí i pé nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wọn fi nǹkan bíi 7 wálẹ̀, nígbà tí ti àwọn tó ń mu omi mìíràn kò fi ju nǹkan bíi 1 lọ. Èyí kò sọ ìṣápá di oògùn, ìwádìí kan kò sì lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kó dunni pé ewéko tó ní irú àǹfààní yìí nínú ni a sọ di omi ṣúgà pupa nítorí ihò tó wà létí ọ̀rá.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí ọ̀rá àti ike, kí a sì sọ òótọ́ ibẹ̀, nítorí irọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn pé bí omi bá dì nínú ike, ike náà á tú májèlé dioxin sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2004 ni Rolf Halden, tó wà ní Yunifásítì Johns Hopkins nígbà náà, ti ṣàlàyé pé òtútù kì í fa kẹ́míkà jáde lára ike. Ńṣe ló ń dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kí a gba òun gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlera kò gbọdọ̀ fi irọ́ tì í lẹ́yìn. Ooru ni ọ̀tá. Nínú ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìmọ̀ Nature Food ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ láti Trinity College ní Dublin da omi sínú fídíńgì ọmọ tí a fi ike polypropylene ṣe. Nígbà tí omi náà wà ní 25°C, ẹ̀rún ike tí wọ́n rí nínú lítà kan jẹ́ nǹkan bíi 600,000. Nígbà tí wọ́n gbé e dé 95°C, ó di mílíọ̀nù 55. Ike kan náà, omi kan náà; ooru nìkan ló yí padà. Ní ọdún 2024, àwọn dókítà ní Ítálì sọ nínú New England Journal of Medicine pé nínú aláìsàn 257 tí wọ́n tọ́pinpin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ iṣan ọrùn, 150 ló ní ẹ̀rún ike polyethylene nínú ọ̀rá ara tó dí iṣan wọn, àwọn wọ̀nyí sì ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ ewu àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí ikú ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Àwọn fúnra wọn sọ pé èyí kò fi hàn pé ike ló fa àìsàn náà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n polyethylene yìí kan náà ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀rá ọjà wa, ó sì yẹ kí ìyẹn tó láti mú kí ènìyàn rọra.

Bí òtútù bá wá jẹ́ aláìlẹ́bi, kí ni ẹjọ́ tí a ń bá ọ̀rá sóbò rò? Ẹjọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé inú fírísà ni. Iná kì í dúró. Bí wọ́n bá mú iná wá ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹni tó ń se sóbò mọ̀ pé ó lè lọ ní aago mẹ́wàá. Kò ráyè dúró kí ìkòkò tutù. Á bù ú bó ṣe ń hó lọ́wọ́, á fi àrọ́ oníke dà á sínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀rá á rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, á so ó, á jù ú sínú fírísà. Omi gbígbóná, tó tún kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, nínú ike tó fẹ́lẹ́ jù lọ nínú ilé: bí a bá ní kí ẹnìkan wá ọ̀nà tó burú jù láti fi ike gbé ohun jíjẹ, bóyá ni yóò rí èyí tó ju èyí lọ.

Àwọn kan á ní, kí wá ni ká lò? Bí ẹni pé láti ìgbà tí ayé ti dáyé ni a ti ń fi ọ̀rá di nǹkan. Ọdún 1933 ni wọ́n ṣèèṣì ṣàwárí polyethylene ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún kó tó dìgbà yẹn, ní 1843, tí Nancy Johnson ti gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ àfọwọ́yí tó ń ṣe àìsìkirímù: garawa onígi, agolo nínú rẹ̀, yìnyín àti iyọ̀ láàárín wọn. Ní Íńdíà, wọ́n ti ń di kúlfì, wàrà tí a sè títí tó fi ki, sínú ife amọ̀ tipẹ́tipẹ́, títí di òní olónìí ni wọ́n sì ń tà á bẹ́ẹ̀ lójú pópó. Àwọn nǹkan dídì tí ayé fẹ́ràn jù lọ ti wà kí ọ̀rá tó dé. Ọ̀rá ló bá wọn níbẹ̀.

Nílẹ̀ Yewa, a kò tilẹ̀ ní láti lọ jìnnà. Ẹ wo ewé eéran. Ẹni tó ń dì mọ́ínmọ́ín á mú ewé méjì tàbí mẹ́ta, á fi ẹ̀yìn ọ̀kan lé inú èkejì, á ká a bí àrọ́, á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sókè kó má bàa jò, á wá da ẹ̀wà lílọ̀ tó ń ṣàn sínú rẹ̀, á pa ẹnu rẹ̀ dé, á sì tò ó sínú ìkòkò tó ń hó. Kì í jò. Ó ń gba ooru omi híhó fún nǹkan bíi wákàtí kan láìtú. Ewé tó lè gbé ẹ̀wà lílọ̀ tí a pò rọ̀kọ̀rọ̀kọ̀ kọjá nínú iná, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti gbé máńgòrò gígún tó ki jù ú lọ kọjá nínú òtútù? Bí a bá ká a bẹ́ẹ̀, tí a gbé e nàró sínú ife, tí a rọ èso sí i, tí a ki ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fá dán bọ àárín rẹ̀, á dì bí ó ti yẹ. Ọmọ á bó o bí ẹni bó ẹ̀kọ. Ewé tó bá jù sílẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ tàbí kó jẹrà.

Ìdáhùn tí mo máa ń rò pé yóò tẹ̀ lé èyí ni pé ewé kò sí nílé gbogbo ènìyàn, ó sì lè wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òótọ́ ni. Nítorí náà ife ni kí ilé fi ṣe ìpìlẹ̀. Ife tánńganran tí ìyá àgbà fi ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ife irin tí kì í dípẹtà, ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà tí a ra àwọn nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, abọ́ kékeré onígíláàsì: ìwọ̀nyí wà káàkiri nínú ilé, a kì í kà wọ́n sí ohun èlò àìsìkirímù nítorí pé a ti gbà pé ike alárànbarà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè ṣiṣẹ́ náà. Ṣíbí irin tí a ki bọ àárín ife ni yóò di ọ̀pá. Bó bá dì tán, kí a ri ìdí ife bọ omi lásán fún ìgbà díẹ̀, a ó fi ṣíbí náà fà á yọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣe pàtàkì nípa gíláàsì: omi máa ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 nígbà tó bá dì. Ẹni tó bá rọ nǹkan kún ìgò dé ẹnu yóò bá àfọ́kù nínú fírísà. Kí a fi bí ìka méjì sílẹ̀ lókè, kí a yan ìgò tó nàró gbọọrọ tí kò ní ọrùn, kí ohun inú rẹ̀ sì tutù pátápátá kó tó wọ fírísà. Níwọ̀n bí ó ti gbọ́dọ̀ tutù kó má bàa fọ́ ìgò, ohun èlò náà tún ti kọ́ wa ní sùúrù tí ọ̀rá kò béèrè lọ́wọ́ wa.

Kí ni a ó wá rọ sínú rẹ̀? Èmi á ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tó ti pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú, tí ẹni tó ń tà á ti ń wá bí yóò ṣe ta á lọ́pọ̀. Kí a bó o, kí a gé e sí wẹ́wẹ́ sórí àwo tánńganran, kí a dì í mọ́jú. Láàárọ̀, kí a dà á sínú odó kékeré tí a ti fọ̀ mọ́ tó sì ti gbẹ, kí a máa gún un. Lákọ̀ọ́kọ́ á máa fọ́ bí ẹ̀rún òkúta, ọmọrí odó á máa dún gbà-gbà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti bàjẹ́. Kí ó má dáwọ́ dúró. Lójijì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á di funfun, á máa rọ̀ bí iyán tó jinná, ẹni tó bá tọ́ ọ wò kò ní gbà pé kò sí wàrà nínú rẹ̀. Ìṣù ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló di omi inú rẹ̀ mú tí kò fi lè di kóró yìnyín ńláńlá. Kò gba ṣúgà, kò gba ẹ̀rọ oníke kankan, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọlọ náà bí odó kò bá sí.

Máńgòrò ní tirẹ̀ kò ní láti dì kí a tó gún un; kí a fi jínjà tí a rìn kún un díẹ̀. Sóbò lè ṣẹ́kù síbẹ̀, mo sì fẹ́ kó ṣẹ́kù síbẹ̀: kí a se ìṣápá pẹ̀lú kànáfùrù, kí a fi aṣọ ìsẹ́ ògì sẹ́ ẹ, kí ó tutù, kí a wá lọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n dáadáa mọ́ ọn tòun tìṣù rẹ̀ dípò ṣúgà. A wà nítòsí ibi tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ń ṣe dáadáa: ilẹ̀ Allada ní orílẹ̀-èdè Benin gbajúmọ̀ fún irú kan tí èèpo rẹ̀ ṣì máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tó ti pọ́n, tí wọ́n sì ń pè é ní búrẹ́dì ṣúgà lédè Faransé. Wàrà àwọn Fúlàní tó wà káàkiri apá àríwá Yewa, bí a bá sè é dáadáa, àti omi àgbọn tí a rìn, á jẹ́ kí ohun dídì kan ní ọ̀rá inú oúnjẹ tó ń mú un rọ̀. Ìwọ̀nyí ki ju ohun tí ọ̀rá lè gbé lọ. Ife ń gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ iná ni àtakò tó le jù, nítorí fírísà tí kò sí iná kò yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí garawa Nancy Johnson: kò sí iná mọ̀nàmọ́ná lọ́dún 1843. Bí a bá da iyọ̀ mọ́ yìnyín, á mú kí yìnyín náà yọ́, bó sì ṣe ń yọ́ ló ń fa ooru kúrò lára ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Àdàlù náà lè tutù ju yìnyín lásán lọ fíìfíì, títí dé nǹkan bíi 21°C sí ìsàlẹ̀ òdo bí iyọ̀ bá tó. Ẹni tó bá ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lójú títì, kó fọ́ ọ sínú ọpọ́n tánńganran ńlá, kó wọ́n iyọ̀ tó pọ̀ sí i, nǹkan bí ìdá kan iyọ̀ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin yìnyín, kó gbé ìkòkò irin kékeré tó ní èso gígún nínú sáàárín rẹ̀, kó máa yí i, kó máa fi ṣíbí gígùn ha ara ìkòkò. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, èso náà á ki, á dì. Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ọ̀nà yìí ni pé yìnyín ọjà, tí a kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, kò fi ara kan oúnjẹ rárá; ìta ìkòkò ló wà. Àwọn tó ń rọ yìnyín kan náà sínú ife ohun mímu kò ní irú ààbò yẹn. (Ìkòkò amọ̀ méjì tí Mohammed Bah Abba ti Jigawa fi gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000, tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn, kò lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín: ó nílò afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ti Yewa sì lọ́rinrin jù, bẹ́ẹ̀ ni kò lè di nǹkan, ó kàn ń mú un tutù ni.)

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ kí a má ṣe fojú fò. Kì í ṣe gbogbo ohun tí kì í ṣe ike ló dára. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n ń rọ ládùúgbò láti inú irin àlòkù, ẹ́ńjìnnì mọ́tò, agolo àti ohun gbogbo tó bá yọ́, pọ̀ nínú ilé ìdáná wa. Ní ọdún 2017, Jeffrey Weidenhamer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde jáde lórí irú ohun ìdáná 42 láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló ń tú òjé sílẹ̀ débi tó lè ṣe ènìyàn léṣe. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìṣápá, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, ohun tó bá sì kan ló ń jẹ irin. Ẹni tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rá lọ se sóbò sínú ìkòkò rírọ, tó fi í síbẹ̀ mọ́jú, kò ṣe ara rẹ̀ lóore. Bákan náà ni tánńganran tó ti ṣí tí irin dúdú inú rẹ̀ ti yọ, àti garawa páànù. Irin tí kì í dípẹtà, gíláàsì, tánńganran tí kò ṣí àti ewé: mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí àwọn mẹ́rin yìí.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rá mọ́ tónítóní, pé abọ́ tí gbogbo ènìyàn ń lò ló ń kó àrùn ràn. Wọn á rán wa létí oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì sọ pé ìwádìí tọ́ka sí omi òfìọ̀ kan tí kò ní ìwé àṣẹ NAFDAC. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: inú ìgò ike ni wọ́n sábà máa ń ta omi òfìọ̀, ike kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Omi àti ọwọ́ ló ń kó onígbáméjì wọ oúnjẹ, dídì kì í sì í pa kòkòrò rẹ̀. Ó kàn ń mú un sùn ni. Kí a se omi, kí a fọ èso kí a tó bó o, kí a fọ ọwọ́, kí a fi omi híhó ṣan ife. Ife irin lè gba omi híhó láìyí padà; ọ̀rá kò lè gbà á. Ẹni tó bá sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣí ọ̀rá tuntun tó lẹ̀ mọ́ra, bí wọ́n ṣe ń lá ìka tàbí kí wọ́n fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè yà, kò ní sọ fún wa mọ́ pé ó mọ́.

Ti ìyá tó ń tà á ló kù, ẹjọ́ rẹ̀ sì wúwo lọ́kàn mi ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ló wà nínú kúlà yẹn. Ọ̀rá pọ́kú. Ife kì í ṣe ohun tí a fi ń tọrẹ. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti mọ ọ̀nà yìí tipẹ́: fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó lè ra ẹlẹ́rìndòdò lọ sílé láìfi ìgò òfìfo lélẹ̀, àwọn ilé ọtí sì ń kó ìgò wọn padà nínú kéètì títí di òní. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun máa dá ife padà kí òun tó gba ìyókù owó òun, tàbí tó gbé ife tirẹ̀ wá láti ilé, kò ní kọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Èso ni yóò gbé iye owó lọ sókè, kì í sì í ṣe ife. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó lọ: kí owó òbí máa ra máńgòrò dípò ṣúgà àti àwọ̀, kí máńgòrò tó ń rà sílẹ̀ lábẹ́ igi ní oṣù Kẹrin sì rí ẹni tó ń rà á.

Òfin ń bọ̀ lọ́nàkọnà. Ní òdìkejì ibodè Ìdíròkò, Benin ti fi òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017 de ọ̀rá tí kì í jẹrà: ṣíṣe é, kíkó o wọlé, títà á àti lílò ó. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Èkó kéde òfin lórí abọ́ fómù ní oṣù Kìíní 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ike àlòsọnù mìíràn kúrò láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2025. Ilẹ̀ Yewa wà láàárín àwọn méjèèjì bí ìyá tó ń gbọ́ ìró ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Bí òfin bá gba ọ̀rá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta sóbò láìsí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, yóò wá ọ̀rá lọ sí abẹ́ ilẹ̀, a kò sì ní lè dá a lẹ́bi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo Ilé Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaró, tó ti wà láti 1979 tó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ oúnjẹ, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ayétòrò. Iṣẹ́ kékeré ni mo fẹ́ kí wọ́n bá wa ṣe, èyí tó lè tán láàárín àsìkò máńgòrò kan: kí wọ́n fi ewé eéran di èso gígún, kí wọ́n fi ife irin di òmíràn, kí wọ́n kó wọn sínú kúlà kan náà pẹ̀lú sóbò inú ọ̀rá, kí wọ́n gbé e sábẹ́ igi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láti aago mẹ́wàá sí aago méjì, kí wọ́n sì sọ fún wa èyí tó kọ́kọ́ yọ́, ohun tí kòkòrò ara ewé jẹ́ kí a tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́, àti iye ewé tí apẹ̀rẹ̀ máńgòrò kan máa gbà.